Ààwẹ̀ Tí Mo Fi Ẹ̀kọ Gbígbóná Ṣínu

Inú ni kò jẹ́ kí n lè lọ wo ọmọbìnrin mi nílé ìwé. Ìkọ̀lé ló wà, inú ọgbà ilé ìwé ló ń gbé. Àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó-Èkìtì ni èmi ń gbé. Bí ọjọ́ ìbẹ̀wò bá ti ń súnmọ́, ìfun mi á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́. Ìgbà kan tí mo fi agídí wọkọ̀, a kò tíì dé Ìwòròkó tí mo fi bẹ awakọ̀ pé kó sọ̀ mí kalẹ̀ lẹ́bàá igbó. Láti ìgbà náà, bàbá ọmọ náà ló ń lọ. Bó bá dé, màá bi í bóyá ọmọ rù, bóyá ó ń wúkọ́, bóyá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jìnnà sí fèrèsé. Kì í rí ìdáhùn fún ìdajì rẹ̀.

Dókítà yẹ̀ mí wò. Ó ní kò sí egbò, kò sí aràn, ìfun mi ló kàn ń tètè bínú. Oògùn rẹ̀ ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ inú náà tún padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó yá, ṣọ́ọ̀ṣì wa kéde ààwẹ̀. Omi nìkan là ń mu títí di ọ̀sán. Mo ṣàkíyèsí pé láti àárọ̀ títí a ó fi ṣínu, inú mi á dákẹ́ bí ọmọ tó sùn sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ẹ̀yìn tí a bá ṣínu tán ni wàhálà ń dé. Bẹ́ẹ̀, iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó ta lẹ́nu ni gbogbo wa fi ń ṣínu, nítorí lójú ará Èkìtì, ẹni tí kò jẹun láti àárọ̀ gbọ́dọ̀ yó dáadáa. Mo wá rí i pé ìsinmi ni ààwẹ̀ ń fún ìfun mi; èmi ni mò ń fi odó jí i.

Lọ́jọ́ kejì, ìbẹ́pẹ àti ẹ̀kọ gbígbóná ni mo fi ṣínu. Ìyá ọkọ mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, wo abọ́ mi.

“Ìyàwó, ta ló kú? Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ. Ṣé iṣu ti tán nílé ọmọ mi ni?”

“Iṣu ò tán, Màámi. Inú mi ni kò tíì gba iyán.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má jẹ́ kí àwọn tó ń ta iṣu ní Ọjà Ọba gbọ́.

Nígbà tí ààwẹ̀ ìjọ parí, mo bi dókítà, ó sì gbà kí n máa gbà á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí n kò bá ti fi omi du ara mi. Mo dín ata kù. Iyán padà wá, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, kì í sì í ṣe lórí inú òfìfo mọ́.

Ọjọ́ ìbẹ̀wò dé. Iwájú ọkọ̀ ni mo jókòó sí. A kọjá Ìwòròkó, a kọjá Ìfàkì, a kọjá Ọyẹ́. Inú mi kò sọ nǹkan kan.

Ọmọ mi sáré jáde, ó ń wo ẹ̀yìn mi bóyá bàbá rẹ̀ ń bọ̀.

“Èmi nìkan ni,” mo sọ fún un.

Ó wò mí tìfura-tìfura. “Màámi, ṣé kí n fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ hàn yín?”

“Jókòó, kí o jẹun.”

Mo yẹ èékánná rẹ̀ wò, mo fetí sí èémí rẹ̀, mo lọ wo bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ àti fèrèsé náà. Wọ́n lu agogo pé kí àlejò máa lọ. Èmi ni mo jáde kẹ́yìn.