Orúkọ Tó Wà Nísàlẹ̀ Ìwé

Mùnírátù àbúrò mi kì í tètè gbọ́ ìmọ̀ràn. Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Pọtakọ́ọ̀tù ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí. Ará Ọ̀ffà ni bàbá wa, Làtífù Gbọ́lágadé, òṣìṣẹ́ rélùwéè, ó sì ti kú kí wàhálà tó dé. Ọmọ Okrika létí odò ni ìyá wa, Ibiere, tó gbọ́ Yorùbá débi pé òun ló máa ń fi bú wa. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1967, abẹ́ Biafra ni ìlú wa bọ́ sí. Lójú àwọn kan ládùúgbò, a ti di ọ̀tá nítorí bàbá wa, wọ́n sì ń fura sí wa nítorí ìyá wa, torí wọ́n ní àwọn ará etí odò kò fẹ́ràn Biafra. Ọ̀rọ̀ wa wá dà bíi ti ẹni tí òjò ń pa lóde, tí ilé rẹ̀ náà ń jò.

Ilé iṣẹ́ àwọn òyìnbó elépo ni Mùnírátù ti ń tẹ̀wé tẹ́lẹ̀. Àwọn òyìnbó kó ẹrù wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n lọ. Mo ní kó wá bá mi ta ẹja gbígbẹ, ó ní ọwọ́ òun kò mọ ẹja. Ó gba ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ẹkúndayọ̀ lọ ní Dióbù, lẹ́bàá ọ̀nà Ábà.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni Bàbá Ẹkúndayọ̀, orúkọ òun fúnra rẹ̀ sì ni Ẹkúndayọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ̀wé: ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba, ìwé ilẹ̀, ìwé ẹgbẹ́, ìwé tí ìyá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọmọ tó wà lójú òkun. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn àjèjì máa lọ sílé, ó fi ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ Iléṣà, òun fúnra rẹ̀ jókòó. Mo bi í pé kí ló ń dúró ṣe. Ó ní iṣẹ́ oníṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ òun, òun kò sì lè kó ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn sílẹ̀ kí òun máa sá lọ. Bí ẹnìkan ṣe lè mọ̀wé tó báyìí kó má sì gbọ́n, kò yé mi.

Àdéhùn tó bá Mùnírátù ṣe nìyí. Ó ní, “Ọjọ́ tó o bá lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́, kó o ṣe é dópin, kó o fi orúkọ ara rẹ sí i láì bi mí ní nǹkan kan, ọjọ́ náà ni màá lọ bá ìyá Àríyọ̀ ní Iléṣà.” Àríyọ̀ ni àkọ́bí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run kí Mùnírátù tètè mọṣẹ́, nítorí pé àwọn èèyàn ìjọba Biafra ti ń mú àwọn tí wọ́n fura sí ládùúgbò. Wọ́n mú télọ̀ tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá lọ́sàn-án gangan. Ṣòkòtò tó ń rán lọ́wọ́ wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀ títí tí eruku fi bò ó, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n rí òun níbi tó ti ń gbé e kúrò.

Èmi rò pé ẹni tó bá ti mọ táípù tẹ̀, ó ti parí. Irọ́ ni. Oníṣẹ́ á wọlé, á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n fẹ́ ìyá ìyá rẹ̀ sílé. Bàbá á jẹ́ kó sọ ọ́ tán, lẹ́yìn náà á bi í ní ìbéèrè méjì: ta ló máa ka ìwé yìí, kí lo sì fẹ́ kó ṣe nígbà tó bá kà á tán? Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn fún ìkejì, Bàbá á ní kó lọ sùn lé e. Tí wọ́n bá ti fẹnu kò, Bàbá á dá ọjọ́ fún un, á fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ kọ́ sórí ìṣó lára ògiri. Ọ̀rọ̀ tuntun tó bá tún rántí lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ mìíràn ni.

Mùnírátù ṣe àṣìṣe, ó ṣe é kúnnákúnná. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá wá ló ń ṣèlérí fún pé “ẹ wá lọ́la”. Ọjọ́ kan ni gbogbo wọn jọ dé lówùúrọ̀, tí wọ́n kún ṣọ́ọ̀bù bí èrò ibi ìdìbò, tí wọ́n ń lu tábìlì. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ní ìṣó tirẹ̀ lápá ọ̀tún ògiri, tí Bàbá ń lo apá òsì. Ó tún fẹ́ràn gẹ̀ẹ́sì ńláńlá. Ó kọ ìwé kan fún opó kan lórí ilẹ̀ ọkọ rẹ̀, nígbà tó sì túmọ̀ rẹ̀ fún un, obìnrin náà bi í pé ta ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Bàbá rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi mú un.

Òfin àkọ́kọ́ tí Bàbá kò fi ṣeré nìyí: ẹni tó ni ìwé gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lédè tó yé e kó tó tẹ̀ka. Èkejì ni pé ẹni tó bá ẹni tí kò mọ̀wé kọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ibi tó ń gbé sí ìsàlẹ̀. Òfin ìjọba ni látayé òyìnbó, ṣùgbọ́n Bàbá sọ ọ́ di ẹ̀sìn. Ó máa ń sọ pé ìwé tí kò ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́, òkò tí wọ́n jù láti ẹ̀yìn ọgbà ni.

Díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ ń kúrò lápá òsì ògiri, ó ń lọ sí apá ọ̀tún. Èmi máa ń kà á bí mo bá gbé oúnjẹ wá fún wọn. Ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ tó ń wọlé ti yí padà. Kò sẹ́ni tó ń jà fún ilẹ̀ mọ́. Ohun tí àwọn èèyàn ń fẹ́ kí wọ́n bá àwọn kọ ni pé àwọn kì í ṣe ohun tí wọ́n pe àwọn, pé àwọn kì í ṣe sábó, ìyẹn ọ̀dàlẹ̀, àwọn kò ta ẹnikẹ́ni fún ọ̀tá. Ẹrù ńlá ni ìwé bẹ́ẹ̀. Tí ọkọ̀ òfuurufú tó ń ju bọ́ǹbù bá kọjá lókè, oníṣẹ́ àti akọ̀wé á jọ máa wo pákó àjà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1968, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù lórí ìṣó Bàbá. Ọjọ́ tí Bàbá lọ fi ìwé kan jíṣẹ́ ní Rumuola ni Dagogo wọlé. Káfíńtà ni, òun ni olórí àwọn tó ń ṣọ́ àdúgbò wa. Ọmọ etí odò bíi ti ìyá wa ni òun náà, wọ́n sì ti ń fura sí i. Lójú tèmi, ọkùnrin náà ń wá ẹni tí wọ́n á kọ́kọ́ mú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ òun. Ó sọ fún Mùnírátù pé òun gbé iṣẹ́ wá fún un, òun nìkan. Gbogbo àdúgbò fẹ́ kọ ìwé ẹ̀sùn lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọ̀tá, lórí àjèjì kan tó ń fi tọ́ọ̀ṣì júwe ìlú fún ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn èèyàn ti ṣe tán láti tẹ̀ka.

Mùnírátù bi í ní ìbéèrè kejì: kí lẹ fẹ́ kí ẹni tó bá kà á ṣe?

“Make dem come carry am,” ni Dagogo wí.

Ó bi í pé kí wọ́n wá gbé ta ni. Dagogo kò dárúkọ. Ó yíjú sí àga Bàbá tó ṣófo. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. “No put your name for bottom o. Na because I like your mama I dey tell you.”

Mùnírátù dé ilé, ó sọ fún èmi àti Màmá. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ẹja lórí iná. Mo ní kó fa àkọsílẹ̀ iṣẹ́ náà ya, kí gbogbo wa gba etí omi Rumuolumeni lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn ìbátan Màmá á fi ọkọ̀ ojú omi gbé àwa àti Bàbá lọ. Ṣé ó gbọ́? Ọ̀dọ̀ Bàbá ló gbà lọ. Mo tẹ̀ lé e.

Bàbá gbọ́ ọ tán, ó ní kó kọ ọ́. Ó ní tó bá kọ̀, wọ́n á gbé e lọ fún ẹlòmíràn, àwọn èèyàn á tẹ̀ka sí ohun tí wọn kò gbọ́. Kó kọ ọ́, ṣùgbọ́n kó ṣe é bí a ti ń ṣe é. Mo pariwo mọ́ ọn pé kó sá lọ.

Ó wò mí. “Ìyá Tàófíìkì, ẹni tó bá sá ti tẹ̀ka sí i nìyẹn.”

Ohun tí mo rí lẹ́yìn náà, títí di òní ni mò ń rí i. Mùnírátù kọ́kọ́ kọ ọ́ lọ́nà tó rọ̀, ó ní “ọkùnrin kan tí àwọn kan ń fura sí”. Bàbá mú bírò pupa, ó fa ìlà gba orí rẹ̀, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i ní kíkún, ó kọ “amí ọ̀tá” sí i, bí Dagogo ṣe sọ ọ́. Ó ní, “Dagogo ló ni ìwé, ìwọ kọ́. Tó o bá dín in kù, àwọn tó máa tẹ̀ka kò ní mọ bí ohun tí wọ́n ń tẹ̀ka sí ṣe burú tó.” Ó tún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣe, ó tún ìparí rẹ̀ ṣe, bí ẹni ń tún iṣẹ́ ọmọ iléèwé ṣe. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: Ó dára. Fi orúkọ rẹ sí i. Ẹkún gbọ̀n mí, mo jáde.

Ọjọ́ tí wọ́n dá pé, àwọn èèyàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Bàbá náà wà lórí àga rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kúkú ni. Mùnírátù dìde, ó ka ìwé náà sókè ní gẹ̀ẹ́sì, ó sì tún un kà ní píjìn, pé Ekundayo na spy, say make gófúmẹ́ńtì carry am before e kill us finish. Dagogo ti sọ fún wọn pé ìwé láti fi bẹ ìjọba kí wọ́n ṣọ́ àdúgbò ni. Ìyá Boma, àgbàlagbà tí Bàbá ń ka ìwé ọmọ rẹ̀ fún, kọ́kọ́ dìde. Ó kí Bàbá pé ó dàbọ̀, ó sì jáde. Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e níkọ̀ọ̀kan, ẹlòmíràn kò lè gbójú sókè. Ó wá ku Dagogo àti àna rẹ̀. Àwọn méjèèjì tẹ̀ka. Dagogo wo ìsàlẹ̀ ìwé, ó rí i pé ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó bèèrè, Mùnírátù ní orúkọ òun ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, ẹ má jẹ́ n purọ́. Mo rò pé ìtẹ̀ka méjì kò lè pa èèyàn. Bàbá yọ iṣẹ́ tó kẹ́yìn lórí ìṣó rẹ̀, ó fi lé Mùnírátù lọ́wọ́. Ó ní iṣẹ́ tó kọ́kọ́ dá ṣe le jù, ṣùgbọ́n ó ti ṣe é, òun náà á sì máa lọ sílé ní Sátidé. Màmá lọ bá àwọn ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀. Mo di gààrí àti ẹja sínú àpò fún un, ẹja tó dára jù nínú ọjà mi.

Ní Fúráìdé, ọkọ̀ kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ kò bèèrè iye èèyàn tó tẹ̀ka. Bàbá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wọ bàtà, wọ́n gbà fún un. Bó ṣe ń so okùn bàtà náà, ó yíjú sí Mùnírátù. Ó ní, “Iṣẹ́ Ìyá Boma, Mọ́ńdè la dá fún un.” Wọ́n gbé e lọ. Àpò gààrí wà lábẹ́ tábìlì.

A wá a débi tá a lè wá a dé. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, àwọn sójà ìjọba àpapọ̀ gba ìlú. Dagogo kò dúró dè wọ́n, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Mùnírátù ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, iṣẹ́ tó sì ń wọlé nígbà náà kò ju ìwé wíwá èèyàn lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yéé kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé nítorí pé ayé ti yí padà, a kò mọ ẹni tó ń ka kí ni. Ó ṣì ń kọ ọ́.

Ogun parí ní 1970. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, mo sì mọ ẹni tó jẹ́ láti ibi iwájú orí rẹ̀ tó jọ ti Bàbá. Àríyọ̀ ni. Sójà kan tó jẹ́ ọmọ Iléṣà ló rí ìwé ẹ̀sùn náà nínú ọ́fíìsì táwọn Biafra fi sílẹ̀ sá lọ, ó sì fi ránṣẹ́ sílé. Àwọn ìtẹ̀ka ti pòórá sínú omi òjò. Orúkọ kan ṣoṣo tó hàn nísàlẹ̀ ni ti àbúrò mi.

“Ẹ̀yin ni M. Gbọ́lágadé?”

Mo ti la ẹnu láti sọ pé ó ti rin ìrìn àjò. “Èmi ni,” ni Mùnírátù wí.

“Ẹ̀yin lẹ kọ èyí?”

“Èmi ni mo kọ ọ́.”

Ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo bọ́ sáàárín wọn. Mùnírátù rọra tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lọ sí apá òsì ògiri, níbi tí kò tí ì fi nǹkan kan kọ́ látọjọ́ tí wọ́n gbé Bàbá lọ àfi pépà kan. Ó gbé e fún un. Àríyọ̀ rí bírò pupa. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún un pé ọwọ́ ta ni, ọwọ́ tó ń kọ̀wé sí i nígbà tó wà ní iléèwé ni. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún un kà, ó jókòó sórí àga bàbá rẹ̀, ó sì sunkún bí ọkùnrin kò ṣe yẹ kó sunkún níwájú àjèjì. Èmi náà sunkún.

Nígbà tó yá, ó ní òun fẹ́ kọ̀wé sílé, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun kò lè kọ ọ́. Mùnírátù fa pépà sọ́dọ̀. Ó bi í pé ta ló máa kà á.

“Màmá mi. Wọ́n á bá wọn kà á.”

Ó bi í pé kí ló fẹ́ kí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ tán.

“Kí wọ́n yéé bu oúnjẹ bàbá mi sílẹ̀ lálaalẹ́.”

Mùnírátù kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, kò fi kún un, kò dín in kù. Ó kà á fún un. Lẹ́yìn náà, ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀.