Èènì Tí Bàbá Mi Gbà

Bàbá mi ò ra ọjà láìgba èènì rí. Ìṣó ló ń tà ní Ajah láti ìgbà tí mi ò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ó ń wọ̀n ọ́n fún àwọn káfíńtà tó kọ́ àwọn ilé ńláńlá yìí, bó bá sì ti wọ̀n ọ́n tán, á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Bí òun náà bá lọ ra nǹkan, ìbáà ṣe bátìrì tọ́ọ̀ṣì, á na ọwọ́, á dúró. Ó máa ń sọ pé ẹni tó tajà fún ọ tí kò fún ọ ní èènì, kò fẹ́ kí o padà wá. Mo ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ èyí kí n tó sọ ohun tí ojú mi rí lórí wáráńtì.

Àrùn rọpárọsẹ̀ dá a wó. Apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì ò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ìyá mi ti kú, èmi nìkan ni mo wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun n'Íjẹ̀bú, Bàbá kọ̀. Ó ní Ajah tí òun ti di èèyàn lòun máa kú sí, pé ìyàwó ilé yẹn ò fẹ́ rí òun sójú. Òótọ́ ló sọ. Ni mo bá wá iṣẹ́ tí mo lè máa ṣe nínú ilé. Àwọn dókítà kan lókè òkun á sọ̀rọ̀ nípa aláìsàn wọn sínú ẹ̀rọ, èmi á gbọ́ ọ, màá sì tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ ṣe oṣù mẹ́ta ìdánwò, pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ń pẹ́, àwọn á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá bọ́, mo gbọ́dọ̀ jáde lọ wá òmíràn nígboro, Bàbá á sì di èrò Ìjẹ̀bú. Èmi mọ̀, òun náà mọ̀.

Láptọ́ọ̀pù mi àtijọ́ ò lè gbé iṣẹ́ náà. Mo kó àjọ mi. Tuntun kò ṣe é béèrè, tòkunbọ̀ sì ń bà mí lẹ́rù, torí ẹni tó bá ti rà á rí mọ̀ pé orí ẹni ló ń báni ṣe é. Mo wádìí kiri, mo wá gbọ́ pé àwọn kan wà tí ẹni tó kọ́kọ́ rà wọ́n dá padà, tí iléeṣẹ́ tó ṣe wọ́n tún wọn ṣe, tí wáráńtì wọn ò sì tíì tán. Bí irú ẹ̀ bá bàjẹ́, iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ọwọ́ ẹni yòówù kó wà. Ìyẹn ni mo fẹ́.

Bàbá ní òun máa bá mi lọ. Mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Ó ní, "O fẹ́ lọ ná owó gọbọi, o ò fẹ́ mú àgbà dání?" Mo gbé e sínú kẹ̀kẹ́, ó di Ìkátẹ.

Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ń pe ara rẹ̀ ní Ẹnjiníà. Ó gbé méjì kalẹ̀. Ọ̀kan pọ́ọ́kú, kò ní wáráńtì. Èkejì wọ́n gan-an, wáráńtì rẹ̀ sì ku oṣù mẹ́sàn-án. Mo fi fóònù wo nọ́ńbà ìdí rẹ̀ lórí ìkànnì iléeṣẹ́ náà, mo rí i pé òótọ́ ni. Sítíkà kékeré kan wà níbi tí wọ́n ti ń ṣí i, kò ya rárá. Ẹnjiníà ní, "Àǹtí, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á." Mo san owó ọbẹ̀ tó dùn.

Bàbá wá na ọwọ́ ọ̀tún, èyí tó ṣì ń gbọ́ tirẹ̀. "Èènì mi dà?"

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, kò sí èènì nínú ọjà kọ̀ǹpútà."

"Ó wà nínú ìṣó, kò wá sí nínú kọ̀ǹpútà? Tó ò bá fẹ́ kí ọmọ mi padà wá, sọ fún wa."

Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀. Láti ìgbà tí àìsàn ti mú un, bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà ló ń sọ̀rọ̀ nínú ilé ara rẹ̀. Ẹnjiníà wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó mú mẹ́mọ́rì kan jáde nínú dúrọ́ọ̀. Ó ní òun máa fi kún ti inú rẹ̀, kọ̀ǹpútà náà á túbọ̀ yá. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó fa sítíkà yẹn ya, ó tú ìdí rẹ̀, ó ki mẹ́mọ́rì bọ̀ ọ́, ó dé e padà. Bàbá jókòó sínú kẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè. Kò sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wá kí i lọ́sẹ̀ yẹn tí kò gbọ́ ọ: "Wọ́n ní kò sí èènì. Mo gbà á."

Oṣù kejì iṣẹ́ náà ni mò ń tẹ̀wé lọ́wọ́ tí ojú kọ̀ǹpútà ṣú, tí kò là mọ́. Ẹ̀rù ò bà mí. Mo ní wáráńtì.

Mo bẹ obìnrin ilé kejì kó máa yọjú sí Bàbá, mo gba Lekki lọ, níbi tí iléeṣẹ́ náà ti ń tún ẹ̀rọ wọn ṣe. Ọmọbìnrin tó gbà mí lálejò wo nọ́ńbà, ó ní, "Wáráńtì yín ṣì wà, mà." Ó gbé e wọlé. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Ẹnìkan ti ṣí i, mà. Sítíkà wa ti ya, mẹ́mọ́rì tí kì í ṣe tiwa sì wà nínú rẹ̀. A ò lè tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́."

Mo ní ṣé mẹ́mọ́rì ló bàjẹ́ ni. Ó ní rárá, bọ́ọ̀dù ni. Mo ní ṣé mẹ́mọ́rì ló wá ba bọ́ọ̀dù jẹ́. Ó ní òun ò lè sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí òfin àwọn ṣe wí nìyẹn. Mo bẹ̀ ẹ́, èmi tí mi ò mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, irú ẹ̀rín tí wọ́n ń kọ́ wọn níbi iṣẹ́. Owó tó ní kí n san fún àtúnṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí mo fi rà á. Ẹ gbà mí, kí ni wọ́n wá ń pè ní wáráńtì gan-an? Ìlérí tí sítíkà tí kò tó èékánná lè fòpin sí, ìlérí wo nìyẹn?

Ibẹ̀ ni mo ti bọ́ sí Ìkátẹ. Mo bi Ẹnjiníà pé ṣé ó mọ̀ pé tí òun bá ṣí i, wáráńtì ti lọ. Kò tiẹ̀ purọ́. Ì bá sàn fún mi ká ní ó purọ́.

"Mo mọ̀, Àǹtí. Ṣùgbọ́n Bàbá nawọ́ sílẹ̀, wọ́n ń béèrè èènì. Ṣé kí n máa bá àgbàlagbà aláìsàn jiyàn ni?" Ó ní ká ní mo béèrè, òun ì bá sọ fún mi.

Béèrè. Ẹni tí kò mọ̀ pé kòtò wà lọ́nà, báwo ló ṣe fẹ́ béèrè kòtò? Mo sọ̀rọ̀ sí i débi pé àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ jáde wá wò mí. Títí dòní, mi ò kábàámọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀.

Mò ń fi fóònù tẹ iṣẹ́ náà títí ìka mi fi wú. Iṣẹ́ pẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún pẹ́. Wọ́n kọ̀wé sí mi, wọ́n dúpẹ́ gan-an, wọ́n sì ní ó dàbọ̀. Ọ́fíìsì kan ní VGC ni mo ti rí òmíràn. Kò jìnnà sílé, ṣùgbọ́n wákàtí iṣẹ́ wọn gùn: kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mò ń jáde, ilẹ̀ á sì ti ṣú kí n tó wọlé. Kò pẹ́ tí Bàbá fi ṣubú sí balùwẹ̀, ibẹ̀ ló sì wà títí obìnrin ilé kejì fi gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ń bọ̀ wá gbé e.

Mi ò sọ fún Bàbá rí pé èènì ló fa gbogbo rẹ̀. Mo ní iṣẹ́ inú ilé ti sú mi, pé ti VGC lówó lórí ju tàkọ́kọ́ lọ. Ẹ má jẹ̀ẹ́ n purọ́, mo bínú sí i. Àwọn alẹ́ kan wà tí ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi. Ṣùgbọ́n èènì yẹn nìkan ni nǹkan tó fi agbára ara rẹ̀ gbà látìgbà tó ti ṣàìsàn. Tó bá mọ̀ pé ẹnu òun lòun fi lé ara òun kúrò ní Ajah, kí ló máa kù fún un? Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi wá, mo wọṣọ fún un, mo dé fìlà sí i lórí. Kò wò mí. Ó ní, "Mo mọ̀ pé mo ti sú ọ. Owó lo fẹ́." Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá." Ẹ̀gbọ́n mi náà ń wò mí bí ẹni wo ìdọ̀tí, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Gbogbo Sọ́ńdè ni mò ń pè. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi á ní Bàbá ń sùn, lọ́sàn-án gangan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ gbé fóònù sí i létí. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Mo ní, "Bàbá, èmi ni."

Ó ní, "Ìwọ ta ni?"

Ó mọ ohùn mi dáadáa.