Ìdí Tí A Kò Fi Ń Fa Ìlà sí Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ẹran-Àlá Mọ́

Ẹ gbà mí láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Kpoulou fún yín. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ń bi mí lórí Fesibúùkù pé kí ló dé tí mo fi ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fa ìlà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹran-àlá mọ́. Àwọn kan tiẹ̀ rò pé àṣẹ pípa ló ń wù mí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, Ràfíátù ni orúkọ mi. Adja-Ouèrè ní ilẹ̀ Benin ni mo ń gbé, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa kun pátákó ìtajà àti ara ògiri. Bí ọwọ́ mi bá dilẹ̀, mo máa ń ya ẹranko kan tí kò sí níbì kankan láyé. Ara rẹ̀ dà bíi ti ewúrẹ́, etí rẹ̀ gùn bíi ti ehoro, ìrù rẹ̀ sì rí bíi ti ológbò. Ẹran-àlá ni mo sọ ọ́. Mo gbé e sórí Fesibúùkù, àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀, àwọn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya tiwọn.

Ibẹ̀ ni òfin ti wọ̀ ọ́. Bí kò bá sí òfin, ṣé kálukú ò kàn ní í da ọ̀dà sí i lára ni? Ẹnì kan ya tirẹ̀, ó kó gbogbo àwọ̀ inú ìsọ̀ aláṣọ lé e lórí. Mo wá sọ fún wọn pé àwọ̀ kò gbọdọ̀ ju mẹ́ta lọ, àti pé abẹ́ ikùn gbọ́dọ̀ mọ́ ju ẹ̀yìn lọ, bíi ti àwọn ẹran inú igbó wa. Ìlà ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ yí ẹsẹ̀ po. Ìlà ẹ̀gbẹ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀ bí egungun ìhà ṣe tẹ̀, kí ó lè dà bí ohun tó bá ẹran náà wá sáyé, kó má dà bí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni pé ìdílé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àmì tirẹ̀. Ẹni tó bá rí ọmọ, kó mọ ìyá rẹ̀ láìbéèrè.

Ó ṣẹlẹ̀ pé obìnrin tó jẹ́ olórí ilé-ìwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kan ní Kpoulou rí àwọn àwòrán yìí. Madam ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó ní àwọn ọmọ tuntun máa ń sunkún ṣáá láàárọ̀, bóyá bí wọ́n bá rí ẹranko tó rẹwà lára ògiri, wọ́n á gbàgbé ẹkún. Mo gun ọ̀kadà tí à ń pè ní zémi lọ, mo há agolo ọ̀dà sáàárín ẹsẹ̀, eruku pupa sì bò mí látòkè délẹ̀ kí n tó débẹ̀.

Mo ya ìdílé mẹ́ta. Méjì àkọ́kọ́ ò ni mí lára. Ìkẹta ló fún mi níṣòro, nítorí pé ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ ni mo fi ìyá ẹran sí, orí rẹ̀ nìkan ló yọ. Níbo ni mo wá fẹ́ fi àmì ìdílé sí? Mo wò ó títí, mo wá fi í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá àti ọmọ. Ìlà mẹ́ta dùbúlẹ̀, ọ̀kan dúró lábẹ́ wọn. Ọkàn mi ni mo ti rí i, mi ò wò ó lára ẹnikẹ́ni. Ó sì dára lójú mi gan-an.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá àgbà kan mú ọmọ ọmọ rẹ̀ wá sílé-ìwé. Mama Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè wọ́n. Mo kí wọn, wọ́n dá mi lóhùn dáadáa. Wọ́n wá yíjú sí ògiri. Wọ́n súnmọ́ ọn, wọ́n sì nawọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹran náà.

“Ta ló ya eléyìí?”

Mo ní èmi ni.

“Ta ló sọ fún ọ pé kí o fi ilà ilé wa sí ẹran lójú?”

Ìgbà yẹn ni mo tó wo ojú wọn dáadáa. Ara tó ti hun jọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ilà náà mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Mẹ́ta dùbúlẹ̀, ọ̀kan dúró. Kí n tó bẹ̀bẹ̀, Mama ti yípadà, wọ́n ń lọ, wọn ò pariwo, wọn ò ṣépè.

Lọ́sàn-án, ọmọkùnrin Mama dé. Àgbẹ̀ ni, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ló ń gbìn. Fòfó Ràmánù ni wọ́n ń pè é, bí a ti ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin níbí. Àwọn àgbà méjì tẹ̀lé e. Ó ní kí n kun gbogbo ògiri náà ní funfun kí ilẹ̀ tó ṣú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á kó gbogbo ọmọ agboolé àwọn kúrò nílé-ìwé náà. Jìnnìjìnnì bá Madam, nítorí àwọn ọmọ agboolé yẹn pọ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé òfin mi fún wọn, pé ìdílé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àmì, kí wọ́n lè mọ ọmọ ẹni tí ọmọ jẹ́.

Fòfó Ràmánù wò mí. Ó ní, “Ìdí tí àwọn baba wa náà fi kọ ilà nìyẹn.”

Mo mú búrọ́ọ̀ṣì, mo pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá ẹran àti ti ọmọ rẹ̀ rẹ́ níṣojú wọn. Mo wá ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ bẹ Mama fúnra mi kí n tó kun ìyókù. Wọ́n gbà.

A bá Mama nídìí iná, wọ́n ń yan gàrí. Mo tún kúnlẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí n bẹ̀bẹ̀ tán, wọ́n sì ní kí n jókòó.

Wọ́n ní inú àwọn kọ́kọ́ bàjẹ́, àwọn rò pé ẹnì kan fi àwọn ṣẹ̀sín ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn délé, ohun mìíràn ló gba ọkàn àwọn. Láti ìgbà tí àbúrò àwọn obìnrin ti kú, àwọn ò rí ilà yẹn lójú ẹnikẹ́ni mọ́, àfi bí àwọn bá wo dígí. Àwọn fúnra àwọn ni àwọn ní kí wọ́n má kọ ọ́ fún àwọn ọmọ àwọn, nítorí àwọn rántí bó ṣe dùn àwọn tó. Àwọn ò kábàámọ̀ ìyẹn.

Wọ́n wá ní, “Má ya á sí ẹran lójú mọ́. Ojú tèmi ni kí o yà.”

Fòfó Ràmánù kọ̀ jálẹ̀. “Ìyá, ẹ ṣì wà láyé. Bí a bá gbé àwòrán yín sára ògiri, wọ́n á ní ẹ ti kú.”

“Bí mo bá wá kú ńkọ́, ojú ta ni wọn yóò ti rí i?”

Ó mirí, ó gbà.

Bí gbogbo ògiri ṣe bọ́ lọ́wọ́ ọ̀dà funfun nìyẹn. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, Mama jókòó sórí àga kékeré kan lágbàlá ilé-ìwé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ́n. Iṣẹ́ náà le ju ẹran-àlá lọ. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ ilà àti èyí tó jẹ́ ọjọ́ orí. Mo fa ti ìsàlẹ̀, mo sún sẹ́yìn, kò jọ ọ́.

Fòfó Ràmánù dúró lẹ́yìn mi, ó káwọ́ gbera. Ó ní, “Èyí tó dúró yẹn gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Mo bi í pé níbo ló yẹ kó parí sí. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó fi ìka kan tọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wá sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, níbi tí ojú lásán ò ti lè rí i mọ́. Ó dúró nítòsí àgbọ̀n. Ó ní, “Ibí ni.”

Mama bi í pé báwo ló ṣe mọ̀.

Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń ṣe é nígbà tí mo kéré, tí ẹ bá gbé mi lẹ́sẹ̀, títí oorun á fi gbé mi lọ.” Kò sì tètè gbọ́wọ́ kúrò.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun tí mo rí kọ́ ni pé kí á tó fi àmì sára ohunkóhun, ká kọ́kọ́ bèèrè bóyá ó ti lẹ́ni tó ni ín. Ọrùn ni àmì ìdílé ẹran-àlá ń dúró sí báyìí. Ta ló kọ ilà nílé tiyín? Ṣé ẹ ti fara balẹ̀ wo ojú wọn rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mò ń kà á.