Lẹ́tà tí mo bá ìyá olóbì kọ sí Kánò

Ìyá arúgbó kan dì mọ́ mi ní Mákùn, ní Ṣàgámù, láàárọ̀ yìí, ó ní mi ò ní í lọ.

"Ṣé ìwọ kọ́ lo máa ń bá wa bó obì láyé ọjọ́sí?"

Mo ní, "Èmi ni, mà."

Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, iṣẹ́ wo ni mi ò ṣe tán? Mo ṣe tíṣà ní Ìpara, mo ṣe táípíìsì ní Ìkẹnnẹ́, mo ta òkìrìkà, mo sì bó obì ní Ṣàgámù, kí n tó di ẹni tó ń kọ ìwé.

Ìyá ní, "Lẹ́tà tó o bá mi kọ sí ọkọ mi ní Kánò ńkọ́? Kò pé oṣù kan tó fi wọlé dé!"

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, mà. Èmi kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni."

"Irọ́ lò ń pa! Èébú ni mo ní kó o kọ. Ìgbà tí ọkọ mi kà á sí mi létí ni mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ lo kọ."

Ẹ̀rín pa mí, ojú sì tì mí.

Ló bá pe ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde nínú ìsọ̀.

"Wá kí wọn. Ẹ̀yìn lẹ́tà wọn ni mo bí ẹ."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ dá sí i: ṣé mo jẹ̀bi?