Ẹni Tó Ń Gbọ́n Omi Nínú Bóòtù Mi

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó yé yín pé mi ò kì í mutí. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. Ọ̀sán gangan ni mo rí ohun tí mo rí, kì í ṣe òru, oorun kankan ò sì kun mí. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Láyé ìgbà tí SAP gbòde, tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba mú kí nǹkan le koko, ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú ni mò ń bá ṣiṣẹ́. Táńkì omi la ń ṣe níbẹ̀, àwọn táńkì fáíbà ńlá tí àwọn olówó ń gbé sórí ilé wọn. Ẹ gbà mí gbọ́, bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ fáíbà lásìkò yẹn láti Mushin títí dé Yaba, ọ̀dọ̀ mi ni wọn yóò júwe fún yín. Imú lásán ni mo fi ń mọ résìn, oje tí a fi ń lẹ fáíbà pọ̀, tó ti pẹ́ jù nínú agolo.

Ìgànmú ni mo ti rí bóòtù náà. Ó dojú bolẹ̀ lẹ́yìn ọgbà kan létí omi, koríko ti bò ó, ewúrẹ́ ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Imú rẹ̀ ti fọ́, pẹ́ńtì ara rẹ̀ sì ń ṣí bí èèpo ẹ̀pà. Ẹlòmíràn á wò ó, á ní pàǹtí ni. Èmi wò ó, mo rí egungun tó dáa lábẹ́ ìdọ̀tí. Ọkàn mi fà sí i lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Làmídì tó ń ṣọ́ ọgbà náà ò tiẹ̀ fẹ́ kí n sún mọ́ ọn.

"Ọ̀gá, ẹ wá òmíràn jàre. Eléyìí ti pẹ́ níbí."

"Ta ló ni ín?"

"Ẹni tó ni ín ò bèèrè ẹ̀ mọ́."

Ohun tó sọ nìyẹn, kò fi nǹkan kan kún un. Lásìkò yẹn, tọmọdé tàgbà ló ń sá lọ sókè òkun, mo rò pé onítọ̀hún ti bọ́ sí London ni. Àwọn ẹbí rẹ̀ ló tà á fún mi, wọn ò sì bá mi dúnàádúrà. Ó yẹ kí ìyẹn kọ mí lóminú, àmọ́ ojú mi ti wọnú bóòtù.

Kí lèèyàn ń fi bóòtù ṣe ní Súúrùlérè? Ìbéèrè tí ìyàwó mi bi mí nìyẹn, ó sì tọ́ kó bi mí. Nítorí màmá mi ni. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé, eegun ìbàdí ń dà wọ́n láàmú. Bí mọ́tò bá já sí kòtò kan péré, wọ́n á ké. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, ẹnì kan ṣoṣo tó kù fún wọn láyé, sì wà ní abúlé kan létí ọ̀sà lápá Ìkòròdú, àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀. Ojoojúmọ́ ni màmá mi ń sọ pé àwọn fẹ́ fojú kan ẹ̀gbọ́n àwọn kí ọlọ́jọ́ tó dé. Títì ò ṣe é gbà. Ọkọ̀ èrò ojú omi náà ò ṣe é wọ̀, nítorí fífò lèèyàn ń fò wọ̀ ọ́, ta ni yóò gbé màmá mi fò? Mo ní èmi ni màá gbé wọn lọ, nínú ọkọ̀ tèmi, lórí àga, bí ayaba.

Ọjọ́ tí a gbé bóòtù náà gba Ojúẹlẹ́gbà kọjá lórí ọkọ̀ akẹ́rù, mo jókòó síwájú bí ẹni tó ń mú ìyàwó bọ̀ wálé. Àwọn èèyàn ń pariwo, "Ẹ̀gbọ́n, omi dà?" Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, gbogbo àdúgbò ti sọ mí ní Bàbá Nóà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè bẹ́ẹ̀. Àwọn tó fi Nóà ṣe yẹ̀yẹ́, ṣé a mọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn lónìí?

Mo ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ṣiṣẹ́! Mo fi sáńpépà ha á títí eruku fáíbà fi mú gbogbo ara mi, tí ìyàwó mi ò jẹ́ kí n fara kan bẹ́ẹ̀dì. Mo gé ibi tó jẹrà dànù, mo tẹ́ mátì fáíbà tuntun, mo kun résìn lé e lórí. Nílé-iṣẹ́ wa, omi inú ni a kì í fẹ́ kó jáde. Ti bóòtù, omi ìta ni a ò fẹ́ kó wọlé. Ọgbọ́n kan náà ni, àbí kò rí bẹ́ẹ̀?

Lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, mo bá abọ́ tánńganran kan, etí rẹ̀ aláwọ̀ búlúù ti họ. Okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ òrùka irin kan. Abọ́ tí wọ́n fi ń gbọ́n omi dànù nínú ọkọ̀ ni. Kókó okùn náà le, n ò lè tú u, mo bá fi ọ̀bẹ gé e. Mo gé òrùka náà kúrò, mo fi fáíbà bo ojú ibẹ̀, ó dán bí ìgbà tí nǹkan kan ò sí níbẹ̀ rí. Bóòtù tí èmi fọwọ́ ara mi tún ṣe, kí ni yóò fi abọ́ ìgbọ́nmi ṣe? Ìyàwó mi fọ abọ́ náà, ó fi sí balùwẹ̀, òun la fi ń bu omi wẹ̀.

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ rántí Sátidé ìmọ́tótó, tí mọ́tò kankan ò gbọdọ̀ rìn títí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ yóò fi lù. Ládùúgbò wa, ó máa ń dákẹ́ rọ́rọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo ń kó pàǹtí gọ́tà, mo gbọ́ ìró kan láti ẹ̀yìnkùlé. Ẹnì kan ń bu omi, ó ń dà á nù. Á bù ú, á dà á, á bù ú, á dà á, kò sinmi. Mo rò pé ẹnì kan ń fọṣọ ni. Nígbà tí mo débẹ̀, kò séèyàn. Bóòtù mi nìkan ló wà níbẹ̀ lábẹ́ tàpólì tí mo fi bò ó, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì tutù rinrin.

Ọyẹ́ ń jà lásìkò yẹn o. Òjò ò rọ̀. Mo fi ìka kan ilẹ̀ náà, mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Kànga wo ló ní omi iyọ̀ ní Súúrùlérè?

Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Mo ní bóyá kẹ́míkà tí mò ń fà símú ló ń dà mí lórí rú.

Ọjọ́ ìsinmi kan, a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ti jẹ ìrẹsì, oorun ti gbé gbogbo ilé lọ. Oòrùn ti kan àtàrí. Èmi jáde lọ wo pẹ́ńtì tí mo kùn lánàá bóyá ó ti gbẹ. Mo ká tàpólì sókè.

Ọkùnrin kan wà nínú bóòtù mi.

Ó kọ̀yìn sí mi, ó lóṣòó lórí ilẹ̀ ọkọ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ tutù, ó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi ń gbọ́n omi, ó ń yára bí ẹni tí nǹkan ń lé bọ̀. Ilẹ̀ ọkọ̀ náà gbẹ, mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì, kò sí ẹ̀kán omi kan níbẹ̀. Síbẹ̀, bó bá ti da ọwọ́ rẹ̀ síta, omi á balẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ mi. Ó ta sí mi lára. Ó tutù.

Orí mi wú.

Kò wẹ̀yìn. Ó kàn sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tí ó ti rẹ̀ kọjá kó pariwo:

"Ó ń kún."

Lẹ́yìn náà, ó tún ní:

"Abọ́ dà?"

Mi ò mọ ohun tí mo sọ. Màmá mi ní mo pe Jésù. Màmá mi pè láti ojú fèrèsé, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Bí mo ṣe yíjú padà, kò séèyàn nínú ọkọ̀ mọ́. Àmì àtẹ́lẹwọ́ méjì tó tutù ló kù lára pẹ́ńtì funfun mi, oòrùn sì ń gbẹ wọ́n lọ díẹ̀díẹ̀. Mo dúró wò wọ́n títí wọ́n fi parẹ́.

Mo wọlé lọ bá màmá mi, mo sọ ọ́ fún wọn sí etí. Ọmọ etí ọ̀sà ni wọ́n, bàbá wọn apẹja ni. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn bi mí pé:

"Kí lo yọ nínú ọkọ̀ yẹn?"

"Mi ò yọ nǹkan kan, mà."

"Rò ó dáadáa."

Mo bá rántí. Mo sọ ti abọ́ tó wà ní balùwẹ̀ fún wọn. Màmá mi mi orí. Wọ́n ní lọ́dọ̀ àwọn, èèyàn lè ta ọkọ̀, ó lè pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, àmọ́ abọ́ ìgbọ́nmi kì í bá ọkọ̀ pínyà. Pàápàá ọkọ̀ tí ẹnì kan bá gbọ́n omi nínú rẹ̀ títí tí agbára rẹ̀ fi tán.

Lọ́jọ́ kejì, mo gba Ìgànmú lọ. Ẹ̀gbọ́n Làmídì ò jẹ́ kí n jókòó. Ó ní, "Wọ́n rí ọkọ̀, wọ́n rí abọ́. Òun ni wọn ò rí." Ó bá wọlé, ó tilẹ̀kùn.

Ìyàwó mi ní, "Dádì Tóbi, ẹ ta nǹkan yìí. Ẹ jọ̀ọ́." Mo bi í léèrè pé ta ni yóò wá gbé ìyá mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn? Oníṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé ni, ó ní aláìsàn ò jẹun mọ́, orúkọ àbúrò rẹ̀ ló ń pè ṣáá. Mo gbé abọ́ náà kúrò ní balùwẹ̀. Mo ti òrùka tuntun bọ fáíbà, èyí tó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo fi okùn tuntun so abọ́ mọ́ ọn. Láti ọjọ́ yẹn, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé gbẹ.

Ó yẹ kí ẹ wà ní Èbúté Mẹ́ta lọ́jọ́ tí a gbé e sómi. Funfun báláú, ìlà búlúù ní ẹ̀gbẹ́. Mo ti de àga pálọ̀ wa mọ́ inú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti ń darí, wọ́n sì rọra gbé màmá mi lé e. Gèlè wọn dúró. Ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń pè mí ní Bàbá Nóà wà létí omi, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, mo gbéra ga, mi ò purọ́. Ọwọ́ mi yìí ló ṣe é! Omi sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún wa bí ìgbà tí a bá ń fa aṣọ ya. Màmá mi ń rẹ́rìn-ín, eegun ìbàdí ò sọ̀rọ̀.

A ti gba abẹ́ afárá ńlá kọjá, a ti dé àárín ọ̀sà, nígbà tí nǹkan sọ gbàgà nísàlẹ̀. Igi gẹdú ni, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń fi omi fà bọ̀ sí ibi ìlagi, ó ti já, ó ti rì, kò hàn lójú omi. Àwọn tó mọ omi ì bá ti rọra wakọ̀ níbẹ̀. Èmi, táńkì ni mo mọ̀.

Ẹsẹ̀ mi tutù. Mo wolẹ̀, omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi.

Bí mo bá fi sítíárì sílẹ̀ lọ gbọ́n omi, ìgbì yóò dà wá nù. Bí mi ò bá sì gbọ́n ọn, a ó rì. Màmá mi ò lè lúwẹ̀ẹ́. Mo rí ọwọ́ wọn tó di àga mú, mo sì mọ̀ pé ìgbéraga mi ló gbé wọn débẹ̀.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi. Á bù ú, á dà á. Á bù ú, á dà á.

Ọrùn mi ti fẹ́ yí. Màmá mi fọwọ́ kàn mí lápá.

"Má wẹ̀yìn," wọ́n ní, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wa ọkọ̀ rẹ."

Mo ń wà á. Omi ò kúrò ní ọrùn ẹsẹ̀ mi, kò sì gòkè. Ìró yẹn ò dáwọ́ dúró. Nígbà tí igi etíkun lápá Ìkòròdú bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, màmá mi, láìyíjú, sọ jẹ́jẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń kí ẹni tó ń roko lẹ́bàá ọ̀nà:

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ìró náà dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọkùnrin etíkun fa bóòtù wa sórí iyanrìn, wọ́n pariwo. Ihò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gba ìkúùkù mi. Wọ́n ní báwo la ṣe dé? Wọ́n wo inú, ilẹ̀ ọkọ̀ ti gbẹ. Abọ́ wà níbi tí mo so ó mọ́, omi ń kán lára rẹ̀.

Màmá mi rí ẹ̀gbọ́n wọn. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú títí ilẹ̀ fi ṣú, wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò pẹ́ sí i ni ẹ̀gbọ́n wọn sun oorun ìkẹyìn.

Mo dí ihò náà, ó sì dí dáadáa. Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá wo bóòtù yẹn, tó bi mí pé ta ló tún un ṣe, inú mi máa ń dùn láti dáhùn, àmọ́ mi ò sọ pé èmi nìkan ni mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ọkùnrin yẹn mọ̀ pé a ti gúnlẹ̀. Nígbà mìíràn, bí ilẹ̀ bá gbẹ tí àdúgbò dákẹ́, mo ṣì máa ń gbọ́ ọ lábẹ́ tàpólì, ó ń gbọ́n omi tí èmi ò rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ọkọ̀ ojú omi tó ti gbó, ẹ bèèrè ẹni tó gbọ́n omi níbẹ̀ gbẹ̀yìn. Ẹ má fọwọ́ kan abọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá sì wà lójú omi, tí ẹ gbọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn yín níbi tí ẹ mọ̀ pé kò séèyàn, ẹ kí i kú iṣẹ́, kí ẹ sì má wẹ̀yìn.