Ìgò Ìtọ̀ Tí Kì í Ṣe Tèmi

Òwú já lójú mi, n kò rí i. Ẹni tó bá ti hunṣọ rí ni yóò mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe wúwo tó. Mo dúró ti ẹ̀rọ mi ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà, mo ń wo aṣọ bó ṣe ń jáde, mo sì gbà pé ó dára. Fóòmàn wa dé láti ẹ̀yìn mi, ó na ìka sí ihò gígùn kan tó ti ń bá aṣọ náà bọ̀ láti nǹkan bí ọ̀pá mẹ́ta. Ó ní, "Ràṣídì, ṣé o ń sùn ni?" N kò sùn. Ojú mi là sílẹ̀ kedere. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, ìdí òfì ni bàbá mi ti kọ́ mi níṣẹ́, òwú kò sì já lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rí kí n má mọ̀. Lọ́jọ́ náà, ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n fi omidùn ògì bọ́ mi lójú.

Ṣáájú ọjọ́ náà, òùngbẹ ti ń gbẹ mí fún oṣù mélòó kan. Mo lè mu odidi garawa kékeré kan kí ilẹ̀ tó ṣú, ètè mi yóò sì tún gbẹ. Bí mo ti ń mu ún ni mo ń tọ̀ ọ́. Ìyàwó mi, Ìyá Sìdí, ló kọ́kọ́ kíyè sí bàtà mi. Ibi tí ìtọ̀ ta sí lára rẹ̀ gbẹ, ó di funfun, ó sì ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́.

"Bàbá Sìdí, kí lẹ dà sí bàtà?"

Mo ní ẹ̀kọ ni.

Ó ní, "Ẹ̀kọ wo lẹ ń fi ẹsẹ̀ mu?"

A rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ tán. Ara mi ń joro. Ìgbà náà ni owó epo gbòde, tí àwọn tí kò ní kẹ̀kẹ́ rí ń ra alùpùpù, tí rédíò ńlá ń ké láti ojú fèrèsé dé ojú fèrèsé ní àdúgbò wa ní Bọ́ládé. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ sọ fún mi pé, "Gbogbo ayé ń sanra lórí owó epo, ìwọ nìkan ni epo ń gbẹ lára rẹ."

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò fi lọ sí ilé ìwòsàn. Ìdáhùn rẹ̀ kò buyì kún mi, ṣùgbọ́n òun ni gbòǹgbò gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì gbọdọ̀ fi í pamọ́.

Lọ́dọọdún ni ilé iṣẹ́ wa máa ń yẹ ara òṣìṣẹ́ wò. Wọn yóò fún oníkálùkù ní ìgò kékeré kan, yóò tọ̀ sínú rẹ̀, yóò gbé e fún ọkùnrin tó ń tọ́jú yàrá ìwòsàn ilé iṣẹ́ náà, ẹni tí a ń pè ní Dókítà Kékeré bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe dókítà. Yóò yẹ ìtọ̀ náà wò, yóò sì kọ ohun tó bá rí sórí káàdì. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àtọ̀sí ajá ṣe mí. Ẹ̀jẹ̀ ni mo ń tọ̀, nítorí odò tí a ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí mo ń wá iṣẹ́ yìí, àwọn tó ti wọlé ṣáájú kìlọ̀ fún mi pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá hàn nínú ìtọ̀ rẹ̀, ẹnu géètì ni wọn yóò ti lé e padà. Àbúrò mi Gàníyù, tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá ọmọ bàbá, ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó gba ìgò méjèèjì, ó tọ̀ sínú tirẹ̀, ó tọ̀ sínú tèmi.

Kì í ṣe èmi nìkan. Yíyá ìtọ̀ ni a ń pè é nínú yàrá ìhunṣọ. Ẹni tó mutí yá lọ́wọ́ ẹni tí kì í mu, ẹni tó mọ̀ pé òun lárùn ìkọ̀kọ̀ yá lọ́wọ́ ẹni tí ó gbà pé ara rẹ̀ mọ́. Ẹni tí mo yá tèmi lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún kìn-ín-ní ni mo ń yá a lọ́wọ́ rẹ̀ lọ títí, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé bí ó bá yí padà wọn yóò bi mí léèrè. Gàníyù a máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀: "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mu omi o, ìgò yín ń mu ju tèmi lọ." Lọ́dọọdún ni Dókítà Kékeré ń kọ ọ́ sórí káàdì mi pé ara mi dá. Ẹ wo bí ọgbọ́n èèyàn ti kéré tó. Mo mọ̀ pé ìtọ̀ náà kì í ṣe tèmi, síbẹ̀ nígbà tí mo bá rí káàdì náà, ọkàn mi a balẹ̀.

Ẹsẹ̀ ló tú mi fó. Irin kan já lu ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Egbò náà kò jinlẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù méjì kọjá, kò san, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ìyá Sìdí kò bá mi jiyàn mọ́. Ó gbé gèlè wé, ó sì mú mi lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Láti ìdájí ni a ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì, a mú nọ́ńbà lọ́wọ́, oòrùn sì ti kanrí kí wọ́n tó pè wá. Dókítà obìnrin kan, ọmọdé lójú ṣùgbọ́n àgbà nínú ìwà, ní kí n tọ̀. Ó da ìtọ̀ mi díẹ̀ sínú oògùn olómi kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró, ó sì gbé e sórí iná àtùpà kékeré. Ó ní kí n máa wò ó. Aró náà di ewé, ewé di òféèfèé, ó sì pọ́n nígbẹ̀yìn bí bíríkì.

Ó ní àtọ̀gbẹ ni, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe kọ ọ́ yìí. Oúnjẹ tí a ń jẹ ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, nǹkan kan sì wà nínú ara tó ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà náà kó lè wọ inú ẹran ara, kó di agbára. Nǹkan yẹn kò tó lára mi mọ́. Ṣúgà wá ń rìn gbéregbère nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń bá ìtọ̀ jáde, ó sì ń fa omi ara lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òùngbẹ fi ń gbẹ mí, tí ojú mi ṣe ṣú, tí egbò mi kò sì jinná. Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gún ara mi ní abẹ́rẹ́ ínsúlín ní itan láràárọ̀. Ìyá Sìdí ń se abẹ́rẹ́ onígíláàsì náà nínú agolo mílíìkì, a sì ń tọ́jú oògùn rẹ̀ sínú ìkòkò amọ̀ tí a rì mọ́ yanrìn tútù, nítorí a kò ní fíríìjì. Mo sọ fún ilé iṣẹ́ pé egbò lásán ni. Nígbà tí àyẹ̀wò ọdún dé, mo tún yá ìtọ̀ Gàníyù.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, mo jí, ojú mi kò fẹ́ là. Ó wú. Ẹsẹ̀ mi wú bákan náà. Bí mo bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ìka náà a kù síbẹ̀ bí ẹni tẹ ẹ̀bà. Ìtọ̀ mi ń hó bí omi ọṣẹ. Dókítà obìnrin náà fi àpẹẹrẹ tó yé mi ṣàlàyé rẹ̀. Kíndìnrín méjèèjì tó wà lẹ́yìn ikùn wa dà bí asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì. Wọ́n ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń jẹ́ kí ìdọ̀tí bá ìtọ̀ lọ, wọ́n sì ń dá ohun tó dára dúró. Ṣúgà ti jẹ asẹ́ tèmi luhò. Ohun tó dára ló ń jò lọ yẹn, òun ló ń hó. Ìdọ̀tí ló ń kù sínú ara. Ó ní ìgbà kan ń bọ̀ tí wọn kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́.

Mo bi í bóyá wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń tún un ṣe. Ó ní kò sí, ṣùgbọ́n a lè pààrọ̀ rẹ̀. Ní òkè òkun, wọ́n lè yọ kíndìnrín kan lára ẹbí tí ara rẹ̀ le, kí wọ́n sì fi í sí ara mi. Ìjọba sì máa ń rán àwọn kan lọ. Kò purọ́ fún mi. Ó ní ó ṣòro fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ju fún ẹlòmíràn lọ, mo sì lè má padà wálé.

Kí n tó dé ilé ni Gàníyù ti gbọ́. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ń yọ òwú tó lẹ̀ mọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run fún mi ní méjì. Ẹ mú ọ̀kan."

Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹran Iléyá tí a ń pín.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ọdún mélòó lẹ ti ń gba ìtọ̀ mi? Ẹ jẹ́ kí n kúkú fún yín ní ìkòkò tó ń sè é."

Ìyá Sìdí sunkún. Èmi kò sunkún, ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́, mo ronú pé mo lè rí ọjọ́ ìgbéyàwó Sìdí.

Wọ́n yẹ Gàníyù wò. Ojú mi ni dókítà náà ṣe tún gbé aró náà sórí iná. Ó di ewé. Ó di òféèfèé. Ó dúró síbẹ̀, kò pọ́n tó tèmi, ṣùgbọ́n kò padà di aró. Wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, bákan náà ni. Ó ní àtọ̀gbẹ ti bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀ pẹ̀lú, àrùn tó ń bá ẹbí rìn ni. Ẹni tó bá sì ní in kò lè fún ẹnikẹ́ni ní kíndìnrín, nítorí yóò nílò méjèèjì.

Gàníyù ní irọ́ ni. "Oṣù méjì sẹ́yìn ni wọ́n yẹ̀ mí wò níbi iṣẹ́. Wọ́n ní ara mi dá."

Dókítà bi í bóyá ó ń jí tọ̀ lóru.

Gàníyù ní, "Ó ti lé lọ́dún kan. Mo rò pé bí ó bá jẹ́ àìsàn ni, káàdì ìbá ti sọ."

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ náà ṣí sí mi. Ìgò méjì ni a gbé fún Dókítà Kékeré ní oṣù méjì sẹ́yìn, ìtọ̀ Gàníyù ló sì wà nínú méjèèjì. Káàdì méjì ló kọ pé ara dá. Bí ó bá jẹ́ pé ó gbé ẹyọ kan péré sórí iná, ì bá ti rí ṣúgà náà. Kò gbé èyíkéyìí sórí iná. Ó ń dà wọ́n nù ni, ó sì ń kọ káàdì.

Mo lọ bá a ní ọjọ́ kejì. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ kò yẹ ìtọ̀ wa wò rí."

Kò bínú. Ó ní, "Ta ló fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún mánéjà? Ṣé ìwọ? Lọ sọ fún un. Kí o sì sọ ìtọ̀ ẹni tó wà nínú ìgò rẹ."

Ó ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé a ń yá ìtọ̀. Olè tí a ń jà ló fi ṣe ààbò fún ìwà ọ̀lẹ tirẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, iṣẹ́ wà fún èmi àti Gàníyù. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹjọ́ ara mi ni n ó kọ́kọ́ rò. Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi lè jẹun dáadáa. Gàníyù ló bá mi tú kókó náà. Ó ní, "Èèyàn mélòó ló wà nínú yàrá ìhunṣọ yẹn tó ń jí tọ̀ lóru, tó ń wo káàdì? Ẹ lọ sọ ọ́."

Mo sọ ọ́ níwájú mánéjà, mo fi ẹnu ara mi sọ pé mo yá ìtọ̀ fún ọdún méje. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù Dókítà Kékeré. Ìgò oògùn aró náà wà níbẹ̀. Eruku bò ó, ìdérí rẹ̀ ṣì wà bí wọ́n ṣe dì í láti ibi tí wọ́n ti ṣe é.

Wọ́n lé mi lọ́jọ́ náà nítorí ẹ̀tàn. Gàníyù gba ìwé ìkìlọ̀. Dókítà Kékeré ni wọ́n gbé lọ sí ẹ̀ka mìíràn, ó sì ń kọ káàdì lọ níbẹ̀ bí mo ti ń kọ ìwé yìí. N kò gbà pé ìdájọ́ nìyẹn. Mo jẹ̀bi, mo sì ti san tèmi. Mo ń fẹ́ kí òun náà san tirẹ̀, n ó sì máa wí i títí tí n kò fi ní lè wí mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n pe àwọn nọ́ọ̀sì láti ìta wá, wọ́n yẹ gbogbo òṣìṣẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù tọ̀ lójú ẹlẹ́rìí.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn wa. Fóòmàn ni, ẹni tó bi mí bóyá mo ń sùn. Ó di nǹkan kan mọ́ ìwé ìròyìn lábẹ́ abíyá. Ó jókòó, kò wo ojú mi. Ó ní, "Ràṣídì, wọ́n ní ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń se abẹ́rẹ́ yìí." Ìyá Sìdí dìde, ó gbé agolo mílíìkì rẹ̀ ka iná.

N kò lọ sí òkè òkun mọ́. Kò sí ẹlòmíràn tí mo lè bẹ̀, n kò sì fẹ́ bẹ̀. Mo ti jáwọ́ nínú iyọ̀, ẹran tí mo ń jẹ kò tó ti ọmọdé, wíwú ẹsẹ̀ mi sì ti lọ sílẹ̀. Dókítà ní agbára tó kù nínú kíndìnrín mi ṣì lè gbé mi rìn díẹ̀, kò sì sọ iye ìgbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí òùngbẹ bá ń gbẹ yín láìdábọ̀, ẹ má ṣe wo káàdì. Ẹ wo bàtà yín. Ara mi ń sọ òótọ́ fún mi ní gbogbo ọdún tí mo fi ń parọ́ mọ́ ọn, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò tíì fi mí sílẹ̀.

Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi àti Gàníyù máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ilé ìwòsàn ìjọba ní ìdájí, ìgò kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ wa. Nọ́ọ̀sì máa ń kó wọn jọ, yóò gbé ọ̀kan sókè, yóò sì bèèrè pé ta ló ni ín. Mo máa ń dìde dúró kí n tó dáhùn.

"Tèmi ni."