Ẹni Tó Ti Ìlẹ̀kùn Bodè

Ọ̀jẹ̀túndé ló ń ṣọ́ bodè ìlú kékeré kan nítòsí Òwu-Ìsin, láyé ìgbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń ti òkè Tápà wá kó èèyàn lẹ́rú. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, ó sáré ti ìlẹ̀kùn. Bó ti tì í tán ni Lábísí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó pọ̀n ọ́n dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, ti oko igi ìdáná dé.

“Àlàní! Èmi ni o, ṣílẹ̀kùn fún mi!”

Ó fi oríkì pè é títí ohùn rẹ̀ fi há. Kò ṣí i. Wọ́n mú Lábísí lọ.

Ìlú kò bá a wí. Wọ́n ní akọni ni, ó fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba gbogbo wọn là. Ọdọọdún ni baálẹ̀ ń fi itan ẹran ránṣẹ́ sí i. Àwọn èèyàn dáadáa, wọ́n mọ oore. Ọ̀jẹ̀túndé nìkan ló mọ̀ pé irọ́ ni. Àwọn ẹlẹ́ṣin kò tíì sọdá odò nígbà tí Lábísí ń kígbe. Ìbẹ̀rù ló mú un, ọwọ́ rẹ̀ kò lè gbé ọ̀pá ìdábùú ìlẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ náà ló ti kórìíra ara rẹ̀. Ajá ló ń fún ní ẹran baálẹ̀. Àgbà tó bá pè é ní Àlàní, kò ní dá a lóhùn. Ilẹ̀ lásán ló ń sùn sí, òjò ì báà rọ̀. Àmọ̀pé ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí ó sú u.

“Ta lẹ tiẹ̀ ń fìyà jẹ?”

“Ẹni tó tọ́ sí.”

Lọ́dún kẹsàn-án, Lábísí sá kúrò lóko ẹrú, ó tiro wọ̀lú. Ayọ̀ gba ọkàn Ọ̀jẹ̀túndé: ẹni tó máa ṣépè fún un ti dé! Ọjọ́ mẹ́ta ló fi retí èpè bí ẹni tébi ń pa. Lábísí kàn ń yìn ín lójú àlejò ni. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, lọ́jọ́ tí wọ́n mú yín, àwọn ẹlẹ́ṣin ṣì wà lódìkejì odò nígbà tí ẹ ń kígbe. Àyè wà láti ṣílẹ̀kùn fún yín. Ẹ̀rù ló bà mí.”

“Mo mọ̀,” ni Lábísí wí. “Èmi ni mo wà níta, mo rí wọn. Mo ti dárí jì ọ́ ká tó dé Bídà. Dìde.”

Ó dìde. Ó wá yé e pé kò sẹ́ni tó tún ń bínú sí òun láyé mọ́, àfi òun fúnra rẹ̀, ìyẹn kò sì ní dárí jì í láéláé.